Àwọ̀ Kì Í Purọ́

Ẹni tí ìfẹ́ kò bá sọ di òmùgọ̀ rí ni kí ó kọ́kọ́ sọ òkúta lu obìnrin inú ìtàn yìí.

Aláró ni gbogbo ènìyàn ń pè é ní ilé-iṣẹ́ fíìmù tí ó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí pé òun ni ó ń pa aṣọ àwọn òṣèré láró, òun náà ni ó sì ń rán wọn. Yàrá rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Fèrèsé kan ṣoṣo ni ó ní, pẹ̀lú àwọn ìkòkò aró, ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí ó ń ké bí ewúrẹ́, àti okùn tí a ta láti ògiri dé ògiri fún sísá aṣọ. Ìka rẹ̀ kì í mọ́ tán. Bí ó bá pupa lọ́sẹ̀ yìí, yóò dúdú lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Bàbá rẹ̀, tí ó ti darí akọrin ìjọ títí irun rẹ̀ fi funfun, a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ní ẹnu ọ̀nà ọ̀run, àwọn áńgẹ́lì yóò ní kí ó kọ́kọ́ lọ fọ ọwọ́ ná.

Ó ti lọ sílé ọkọ rí. Ọkọ náà dúró de ọmọ títí. Nígbà tí kò rí i, ó di ẹrù ìyàwó rẹ̀ fún un, ó sì mú un dé ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀ bí ẹni tí ó ń dá ìkòkò tó jò padà fún ọlọ́jà. Ọkùnrin náà ti fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ dídùn púpọ̀ fún un kí ọjọ́ náà tó dé. Láti ìgbà náà ni Aláró kì í ti í fi ọkàn tán ohun tí a fi ẹnu sọ.

Olùdarí fíìmù náà kéré sí i díẹ̀ lọ́jọ́ orí. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ rọ̀, kì í sì í wọ nǹkan mìíràn ju funfun àti dúdú lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Lọ́jọ́ tí ó kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá aró, ó kó aṣọ lé apá, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì, ó ní, "Àǹtí, kí lẹ rí?"

Aláró ní aṣọ ni òun rí. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣàlàyé pé obìnrin kan wà nínú eré tí òun fẹ́ yà, ọkọ rẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò lọ́kàn ṣùgbọ́n kò tíì sọ ọ́ síta. Òun fẹ́ kí àwọn òǹwòran mọ̀ kí ìyàwó náà tó mọ̀. Kí ni kí ó wọ̀?

Kò sí ẹni tó bi Aláró ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí, ó sì mọ ìdáhùn rẹ̀ nínú egungun ara rẹ̀.

"Àwọ̀ ewé," ó ní. "Ewé tó bá ti já kì í padà sórí igi."

"Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ́ ńkọ́?"

"Pupa. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ara. Nǹkan kékeré kan báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ife, ìborùn, òwú etí aṣọ. Ẹyin iná kan ṣoṣo tó bọ́ sórí ẹní, gbogbo ilé ló máa gbọ́ òórùn rẹ̀."

Ọkùnrin náà tẹ́tí bí ẹni tó kúnlẹ̀ àdúrà. Ó wo ẹnu rẹ̀, kò wo aṣọ. Aláró rántí ìyẹn fún ọdún púpọ̀, pé ẹnu òun ni ó ń wò.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fíìmù Olùdarí ti dà bí ti gbogbo ayé tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí Aláró bọ́ sí i, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún kí òṣèré tó la ẹnu. Ó lè rán aṣọ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, kí ó fọ èkejì ju èkíní lọ, kí ó fọ ẹ̀kẹta ju èkejì lọ, tó fi jẹ́ pé ìyàwó inú eré ń ṣá lójú ọkọ rẹ̀ láti ìran dé ìran. Nínú gbọ̀ngàn sinimá, àwọn obìnrin a máa pòṣé sí ọkọ náà nígbà tí kò tíì dẹ́ṣẹ̀ kankan. Bí wọ́n bá bi wọ́n pé kí ló ṣe, wọn kò ní mọ̀. Àwọ̀ ni ó ti ṣòfófó.

Olùdarí di olókìkí. Lórí rédíò, wọ́n ń pè é ní ọlọ́gbọ́n àwọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sì máa ń fi dáhùn: ẹnu lè purọ́, àwọ̀ kì í purọ́. Bí Aláró bá gbọ́ ọ, a dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró. Ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ti wá jẹ́rìí sí gbogbo ohun tí ojú òun ti rí láyé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ńlá ká Aláró mọ́ ẹnu géètì pẹ̀lú ẹrù aṣọ eré lórí. Olùdarí sáré dé láti òdìkejì títì, ó na agboòrùn tuntun kan sí i, pupa fòò, bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú iná.

"Gbà," ó ní. "Tìrẹ ni."

Títí di ọjọ́ náà, "ẹ" ni ó ń bá a sọ, nítorí pé Aláró dàgbà jù ú lọ. Lónìí, "tìrẹ". Aláró rìn dé ilé pẹ̀lú agboòrùn náà lábẹ́ apá. Kò ṣí i. Ó ń bẹ̀rù pé òjò lè ṣí àwọ̀ rẹ̀. Aṣọ orí rẹ̀ rin gbingbin, òun náà rin gbingbin, agboòrùn nìkan ni ó gbẹ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Olùdarí bi í bóyá aṣọ eré kò tutù. Aláró fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé ìtìjú ni kò jẹ́ kí ó bi òun ní ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ yẹ agboòrùn náà wò lọ́tùn-ún lósì. Ó gbọ́ gbogbo àlàyé pupa àti ewé, ó sì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

"Ṣé ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́?"

"Bàbá, kì í ṣe ẹnu la fi ń sọ gbogbo nǹkan."

"Ẹnu la fi ń jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú pẹpẹ, ọmọ mi. Mi ò rí ibi tí àlùfáà ti bèèrè àwọ̀ aṣọ."

Ó ṣẹ̀fẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Aláró sọ fún un pé obìnrin kan wà láyé àtijọ́, nínú Bíbélì, tó so okùn pupa mọ́ fèrèsé rẹ̀, okùn yẹn sì gba gbogbo ilé bàbá rẹ̀ là. Bàbá ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bọ̀ wá jagun àti obìnrin náà ti jọ fi ẹnu sọ ọ́ ṣáájú.

Aláró kọtí ikún sí i.

Láti ọjọ́ náà ni òun náà ti ń fi àwọ̀ fèsì. Bí ó bá ń tún ẹ̀wù funfun Olùdarí ṣe, a fi òwú pupa kan gán inú ọrùn rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè rí àyàfi ẹni tó ni ín. Olùdarí ń wọ̀ ọ́, kò sọ nǹkan kan. Aláró ka ìdákẹ́jẹ́ náà bí ẹni ń ka Sáàmù. Lọ́jọ́ kan Olùdarí ra tòmátì wá fún un, ó ní wọ́n sọ pé tó bá ti pọ́n dáadáa ló dùn. Gbogbo rẹ̀ tutù bí ewé, kò sí ọ̀kan tó pọ́n níbẹ̀. Aláró rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó tò wọ́n sójú fèrèsé títí wọ́n fi pọ́n, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún un ní ọkùnrin tí kò mọ ọjà nínàá. Olùdarí tún bẹ̀ ẹ́ pé kí ó máa fi abẹ́rẹ́ kọ orúkọ àwọ̀ sí etí gbogbo aṣọ kí ó tó gbé e jáde. Aláró kà á sí ètò. Bẹ́ẹ̀ ni ìbéèrè rẹ̀ kò yí padà ní gbogbo àárọ̀ tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn: "Aláró, kí lo rí?" Obìnrin tí ọkọ àkọ́kọ́ kò bi ní nǹkan kan rí ju ìgbà tí oúnjẹ máa jinná, báwo ni kò ṣe ní pe ìyẹn ní ìfẹ́?

Ẹ̀gbọ́n Olùdarí kan wà, olùkọ́ ilé-ìwé, tí gbogbo wọn ń pè ní Tíṣà. Òun ni ó fi ara rẹ̀ ṣe alárinà. A máa yà wá ní ọjọ́ Sátidé, a jókòó sórí àpótí, a máa bá Aláró ká òwú. Ó ní àbúrò òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí kì í dárúkọ rẹ̀ nílé. Ó ní kí ó mú sùúrù. Nígbà tí sùúrù pé ọdún díẹ̀, ó mú un lọ rí ìyá wọn.

Màmá gbà á tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Aṣọ fèrèsé yàrá rẹ̀ funfun láúláú, àga rẹ̀ funfun, ó sì tẹ́ aṣọ ìnura sórí ọ̀kan kí Aláró tó jókòó. Ó bi í léèrè ọkọ rẹ̀.

"Ṣé ó ti kú ni?"

"Rárá o, mà."

"Áà. Ó wà láàyè." Màmá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. A kì í wá ikú fún ẹnikẹ́ni. Ó bímọ fún ẹlòmíràn?"

"Mo gbọ́ pé ó ti bí mẹ́ta, mà."

"Ọlọ́run tóbi. Mú ọwọ́ rẹ wá kí n rí i."

Ó gbé ọwọ́ Aláró sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, bí ẹni tó ń wo iṣu lọ́jà. Ó ní ọwọ́ náà ti ṣiṣẹ́, ọmọ òun sì ti jèrè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi aṣọ nu ìka ara rẹ̀. Aláró rí i. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé arúgbó ni, wọ́n máa ń fẹ́ràn ìmọ́tótó.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ilé-iṣẹ́ fíìmù mìíràn ránṣẹ́ sí Aláró, pé kí ó wá, àwọn yóò fún un ní yàrá tó ní ìmọ́lẹ̀. Ó sọ ọ́ fún Tíṣà. Ọjọ́ kejì ni Tíṣà padà wá pẹ̀lú èémí lẹ́nu. Ó ní Màmá ti gbà, ó ní ní Sátidé àwọn ẹbí àwọn ń bọ̀ wá kí Bàbá. Aláró kọ̀ fún àwọn tó ń pè é.

Bàbá lọ yá àga ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi òróró nu wọn, ó tò wọ́n yí pálọ̀ ká, ó wọ kóòtù tí ó fi ń darí orin lọ́jọ́ Àjíǹde. Aláró tẹ aṣọ pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ etí aṣọ tábìlì. Wọ́n jókòó. Oòrùn kúrò lórí ilẹ̀, ó gun ògiri, ó kúrò lórí ògiri. Nígbà tí ó yá, Bàbá dìde, ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn àga náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi imú kọ orin kan tí kò ní ọ̀rọ̀. Kò bi ọmọ rẹ̀ ní nǹkan kan. Ìyẹn ni ó dun Aláró jù.

Ní Mọ́ńdè, Olùdarí sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ìṣe rẹ̀. Kò mẹ́nu kan Sátidé. Aláró wo ọrùn ẹ̀wù rẹ̀: òwú pupa náà ṣì wà níbẹ̀. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìyá ni ó dá a dúró. Ẹni tí kò fẹ́ ọ mọ́ kò ní máa wọ òwú rẹ sọ́rùn. Ó darí jì í, ó sì fún un lésì ohun tí ó rí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni òṣèré tuntun kan dé, ọmọge tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́yinjú nítorí pé ojú rẹ̀ tóbi, ó sì ń dán. Ọmọ náà kò ní ìgbéraga. A máa kúnlẹ̀ kí Aláró, a máa pè é ní ẹ̀gbọ́n, a sì máa fi tẹ̀rín-tẹ̀rín bi í léèrè àṣírí iṣẹ́. Aláró fẹ́ràn rẹ̀. Òun ni ó kọ́ ọ pé pupa ni ìfẹ́, pé ewé ni ìkọ̀sílẹ̀. Ẹlẹ́yinjú gbà á gbọ́ bí ọmọ ilé-ìwé ọjọ́ ìsinmi ṣe ń gba ẹsẹ àkọ́sórí.

Nígbà tí fíìmù tó ń ṣe kù díẹ̀ kó parí, Màmá ránṣẹ́. Ó ní kí Aláró wá sílé lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, kí ó mú téèpù ìwọ̀n rẹ̀ dání, ọ̀rọ̀ aṣọ ìgbéyàwó Olùdarí ni. Aláró ka iṣẹ́ náà fún Bàbá. Bàbá wo ilẹ̀, ó wo òkè, ó ní ta ni ó tún máa rán aṣọ ìyàwó dáradára bí kò ṣe ìyàwó tó jẹ́ aránṣọ fúnra rẹ̀. Ó gbàdúrà lé e lórí. Aláró mú agboòrùn pupa rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọ̀run mọ́.

Láàárín yàrá funfun náà, Ẹlẹ́yinjú dúró lórí àpótí, ó na apá rẹ̀ méjèèjì.

Aláró rí i, kò sì rí i. Ó kí Màmá. Ó ń wá ibi tí yóò gbé agboòrùn sí.

"Wá bá wa wọn ìyàwó," Màmá ní. "Mo ní kò sí ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ yìí ju tìrẹ lọ. Wọ̀n ọ́n dáadáa o, kó má fún un níbàdí. Ibẹ̀ lọmọ máa ń gbà jáde."

Tíṣà wà ní ìdí fèrèsé. Ó ń wo ìta. Ẹlẹ́yinjú, tí kò mọ nǹkan kan, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí àpótí, ó sọ sí Aláró létí pé ayọ̀ òun kún nítorí pé ẹ̀gbọ́n òun ni yóò rán an. Aláró fa téèpù yọ. Ó wọn èjìká. Ó wọn àyà. Ó wọn ìbàdí, ó sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé nọ́ńbà kò dúró lójú rẹ̀. Nígbà náà ni Olùdarí wọlé, inú rẹ̀ dùn láti rí i, inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn.

"Aláró, ìwọ ni mo ní kí wọ́n pè. Mi ò lè fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́."

Òwú pupa náà wà ní ọrùn rẹ̀.

Kò sọkún lójú ọ̀nà. Ọkàn rẹ̀ ń wá ẹjọ́ tí yóò rò fún un. Ọkùnrin náà ti fi àwọ̀ ṣèlérí, ó sì ti fi ẹnu fẹ́ ẹlòmíràn. Nítorí náà èdè àwọ̀ náà ni a ó fi dá a lóhùn. Nígbà tí ó dé yàrá aró, ó bọ́ aṣọ pupa kúrò lára agboòrùn, ó gé òmíràn bí i, àwọ̀ ewé, ewé tó ti já, ó sì rán an mọ́ àwọn irin rẹ̀. Ó dúró de òjò.

Òjò dé lọ́jọ́ Ẹtì, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde. Aláró dúró lẹ́nu géètì, lójú kan náà tí wọ́n ti fún un ní ẹ̀bùn náà. Ó ṣí agboòrùn aláwọ̀ ewé náà sórí, ó gbé e ga. Olùdarí ń bọ̀. Ó ń retí kí ojú rẹ̀ ṣú, kí ó dúró, kí ó sọ ohunkóhun.

Olùdarí wo òkè, ó rẹ́rìn-ín.

"Inú mi dùn o," ó ní. "O ṣì ń lo agboòrùn pupa yẹn."

Ó kọjá lọ. Aláró wà níbẹ̀ títí wọ́n fi ti géètì. Tòmátì tútù, orúkọ àwọ̀ létí aṣọ, ẹ̀wù funfun, ṣòkòtò dúdú, kí lo rí, kí lo rí, gbogbo wọn dìde lọ́kọ̀ọ̀kan bí àwọn ẹlẹ́rìí nílé ẹjọ́.

Ó lọ bá Tíṣà nínú kíláàsì lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti lọ. Tíṣà kò jiyàn. Ó ń nu pátákó, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó kọ sí i. Ó ní bí wọ́n ṣe bí àbúrò òun nìyẹn, ojú rẹ̀ kò mọ pupa yàtọ̀ sí ewé. Ilé nìkan ni ó mọ̀, Màmá sì ní a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ síta, oúnjẹ rẹ̀ ni. Kò tíì rí àyè sọ ọ́ fún ọmọge náà pàápàá.

"Agboòrùn ńkọ́?" Aláró bi í. "Ta ló yàn án?"

"Òjò ń rọ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á ló rà fún ọ. Ó ní kí aṣọ eré má baà tutù ni."

"Sátidé tí Bàbá mi yá àga?"

Tíṣà nu ibi tí kò sí ìdọ̀tí. "Kò mọ̀ nípa rẹ̀. O fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Màmá ní kí n wá nǹkan sọ." Ó yíjú padà wàyí, omi wà lójú rẹ̀, nítorí pé kì í ṣe ènìyàn búburú tán. "Mo bẹ̀bẹ̀ fún ọ rí, Aláró. Màmá ní a kì í fẹ́ ojú ẹni níyàwó. A kàn ń fi ríran ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ni Aláró gbé lọ sílé, tí ó gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó kúnlẹ̀ tì. Bàbá rẹ̀ ní kí ó fi ẹ̀san sílẹ̀ fún Ẹni tó ni ín. Ó ṣe àmín. Ní Mọ́ńdè, ó pa aṣọ ìran ìkẹyìn láró.

Ìwé eré ti sọ pé ọmọge inú fíìmù, tí Ẹlẹ́yinjú ń ṣe, yóò wọ pupa láti òkè dé ilẹ̀ nínú ìran náà, pé ìfẹ́ ti pé. Aláró pa aṣọ náà láwọ̀ ewé. Ó fọ̀ ọ́ títí ó fi dà bí ewé tó ti sùn nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi abẹ́rẹ́ kọ "pupa" sí etí rẹ̀, kedere, bí ìṣe rẹ̀.

Nígbà tí Ẹlẹ́yinjú jáde sí iwájú kámẹ́rà, gbogbo ilé yíjú sí i. Ayàwòrán gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ, ó wo aṣọ, ó wo Olùdarí. Olùdarí gbé etí aṣọ náà, ó kà á, ó mi orí.

"Ó jinlẹ̀, Ọ̀gá," Ayàwòrán ní, nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní òpè. Ẹni tó gbé iná náà ní ó jinlẹ̀. Ẹni tó ń gbá ilẹ̀ pàápàá mi orí títí. Ta ni yóò bi ọlọ́gbọ́n àwọ̀ léèrè àwọ̀?

Ẹlẹ́yinjú nìkan ni ó bèèrè. Ohùn rẹ̀ kéré.

"Ṣé àwọ̀ yìí gan-an lẹ fẹ́ kí n wọ̀?"

"Òun gan-an," Olùdarí dáhùn, ìfẹ́ kún ojú rẹ̀. "Èmi ni mo yàn án. Àwọ̀ tí mo ní fún ọ nínú ọkàn mi nìyẹn, gbogbo ayé á rí i."

Ojú ọmọge náà kún. Kámẹ́rà yà á. Wọ́n ní kò sí òṣèré tó ṣe é bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn iṣẹ́, Ẹlẹ́yinjú sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá aró. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Kò kúnlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ó kàn fara ti ògiri láàárín àwọn aṣọ tó ń kán omi, aṣọ funfun tí Aláró ti rán fún ìgbéyàwó rẹ̀ sì wà lórí ìkọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti bá a ṣiṣẹ́ pẹ́. Ẹ̀yin lẹ gbọ́ èdè rẹ̀ jù. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbéyàwó wa. Kí ló ń sọ fún mi?"

Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu Aláró. Kò gùn: ojú rẹ̀ kò mọ pupa. Ì bá ti sọ ọ́, kí ọmọ náà rẹ́rìn-ín, kí ó nu ojú, kí ó sáré padà gun àtẹ̀gùn. Ó wò ó. Ó rí obìnrin kan tó rin gbingbin lójú òjò, tó di agboòrùn mọ́ abẹ́ apá. Ó rí àga ṣọ́ọ̀ṣì.

"Àwọ̀ kì í purọ́," ó ní.

Ẹlẹ́yinjú kò ké. Ó mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ iye ọjà fún tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Nígbà tí ó yípadà, Aláró na agboòrùn sí i.

"Gbà. Òjò ń rọ̀."

"Ta ló ni ín?"

"Olùdarí ló rà á."

Ọmọge náà wo àwọ̀ rẹ̀. Ó gbà á, ó sì lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, wọ́n bá agboòrùn aláwọ̀ ewé náà tí a so mọ́ irin fèrèsé ilé Màmá. Màmá rí i. Tíṣà rí i. Olùdarí, tó ti wọ kóòtù dúdú, béèrè lójú gbogbo àlejò pé ta ló so agboòrùn pupa Aláró mọ́ ibẹ̀. Àwọn àlejò wo ara wọn. Màmá la ẹnu, ó sì tún un pa dé, nítorí pé kò sí bí ó ṣe lè ṣàlàyé ọ̀kan láìtú èkejì. Wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Akọrin kọ orin kan, wọ́n tún un kọ, wọ́n kọ òmíràn. Àlùfáà jókòó. Ìyàwó kò dé, kò sì padà wá sí ilé-iṣẹ́ náà mọ́.

Ní Mọ́ńdè, ẹsẹ̀ kan rọra sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Olùdarí dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá aró pẹ̀lú ẹ̀wù funfun tí a kò lọ̀. Òwú pupa ti yọ jáde ní ọrùn rẹ̀, ó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò sì mọ̀.

"Nígbà tó wọ aṣọ yẹn, o wà níbẹ̀," ó ní. Ó ń wo ẹnu rẹ̀, bí ọjọ́ àkọ́kọ́. "Ojú mi ni ọ́, Aláró, mi ò ní ẹlòmíràn. Jọ̀ọ́. Kí lo rí?"

Obìnrin náà wo òwú náà. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà ti ń bi í, gbogbo ìgbà ni òun sì ti ń rí nǹkan tí kò sí.

"Mi ò rí nǹkan kan, Ọ̀gá."

Ó fi eyín gé òwú ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké.